Kéèkì Àrà, Kéèkì Àrá

Àmì ló fa gbogbo wàhálà náà. Àmì kékeré tí kò ju ẹsẹ̀ eṣinṣin lọ, tí atẹ̀wé kọ̀ láti fi sórí lẹ́tà, nítorí pé ẹ̀rọ òun, bó ṣe wí, kì í ṣe é.

"Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀," atẹ̀wé ń sọ̀rọ̀, bisikíìtì kún ẹnu rẹ̀. "Ta ló tún ń wá àmì láyé ìsinsìnyí? Ẹni tó bá ti rí i á mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn."

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ì bá ti fún un lésì tó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ kò láyà ìjà lọ́jọ́ náà. Ó ní fúláwà tó fẹ́ pò nílé, ó ní ọmọ tó máa tó dé láti ilé-ìwé, ó sì ní ẹ̀rù kan tó ń gbé kiri láyà bí ẹni gbé omi gbígbóná, tí kò fẹ́ kó dà sí ẹnikẹ́ni lára. Ó gba àwọn sítíkà orúkọ tí atẹ̀wé náà tẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì sáré lọ sílé.

Kéèkì Àrà ni orúkọ tó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Àrà, bí ẹni ń dárà. Kò sì purọ́. Ọwọ́ obìnrin yìí lè fi fúláwà àti bọ́tà ṣe fìlà tí bàbá àgbàlagbà á fẹ́ dé jáde. Ó lè ṣe bàtà ọmọdé tòun ti okùn rẹ̀, ó lè ṣe ìkòkò kó sì ṣe ọmọrí lé e. Ìyá Adúmáadán ni àwọn ará òpópónà ń pè é, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ọmọ dúdú tí ara rẹ̀ ń dán, tí bàbá rẹ̀ fún ní ìnagijẹ yẹn kó tó kú. Àwa á máa pè é ní oníkéèkì, torí pé ohun tóun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ayé máa pe òun nìyẹn.

Ẹ̀rù tó wà láyà rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní ìlú ńlá, ti bá a wá iṣẹ́ sí ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ti ń kàwé tí wọ́n tún ń sùn, pé kó máa bójú tó yàrá wọn. Iṣẹ́ náà dára. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ibùsùn wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í gba òṣìṣẹ́ tòun tọmọ. Adúmáadán á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ìyá rẹ̀ á sì máa wá wò ó nígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi.

"Mi ò fipá mú ẹ o," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tutù, èyí tó burú ju kó pariwo lọ. "Àmọ́ látìgbà tí ọkọ ẹ ti kú, kò sọ́jọ́ tí mi ò kì í ronú ohun tí ẹ̀ ń jẹ. Màá dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tí iṣẹ́ kéèkì yẹn bá ń lọ, sọ fún mi, màá padà síbi tí mo ti wá. Tí ò bá lọ, àbúrò mi, ẹ palẹ̀ mọ́."

Kò tíì sọ ọ́ létí ọmọ náà. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú ẹ̀? Ìgbà tó bá fẹ́ la ẹnu ni Adúmáadán máa ń bi í pé kí ni wọ́n máa yàn lọ́la, bàtà ni tàbí fìlà, ọ̀rọ̀ náà á sì padà sí ọ̀fun.

Ibi tó gbójú lé ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, obìnrin gíga kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, ti ní kó gbé kéèkì wá síbi ìpàdé òbí láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tí àwọn òbí bá fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ni yóò máa gbé kéèkì wá fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní ọjọ́ Ẹtì gbogbo. Tí ìyẹn bá bọ́ sí i, ó ti lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ní rárá. Nítorí ìpàdé náà ló ṣe lọ tẹ sítíkà. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ àwọn páálí, ó tò wọ́n sójú fèrèsé, ó bọ́ síta lọ wò wọ́n bí ẹni pé oníbàárà lòun. KEEKI ARA. Ó rẹwà lójú rẹ̀.

Àǹtí Rédíò ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ ò nílò kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Onídìrí ni, ìta ilé rẹ̀ kọjú sí fèrèsé oníkéèkì gan-an. Tó bá ti fi orí obìnrin kan sáàárín orúnkún rẹ̀ báyìí, obìnrin náà á gbọ́ ìròyìn dópin, torí kò sí bó ṣe fẹ́ fi ààbọ̀ irun sá lọ.

Ó gbé páálí kan sókè, ó fún ojú pọ̀. "Kéèkì Àrá," ó kà á jáde. "Háà! Orúkọ yìí mà le o. Ṣé ó máa ń sán ni?"

"Àrà ni, Àǹtí. Àrà, bí ẹni ń dárà."

"Ohun tí mo rí ni mo kà." Ó ra ọ̀kan tó rí bíi fìlà, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó lá ìka rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú ń run Àǹtí Rédíò. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà àná kan lọ́jọ́ náà, ẹ̀wà tó ti ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà náà kò ní orúkọ lára. Kéèkì ní.

Oníkéèkì kò gbọ́ ohunkóhun. Ohun tó kàn rí ni pé fèrèsé rẹ̀ dákẹ́. Ìyàwó káfíńtà, tó máa ń wá ra kéèkì tí ọkọ rẹ̀ fi ń mu tíì láràárọ̀, gba òdìkejì òpópónà kọjá, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń dúró rà á kí wọ́n tó wọkọ̀ kò dúró. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, bákan náà. Kéèkì ń gbẹ nínú páálí. Oníkéèkì tọ́ ọ wò léraléra: ṣé bọ́tà ló kan ni, àbí ẹyin? Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló kó ìpayà bá a, torí tó bá jẹ́ pé kò dùn ni, ì bá mọ ohun tó máa tún ṣe.

Nígbà tó yá, ó lọ dènà de ìyàwó káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

Ìyàwó káfíńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ o."

"Mi ò ní sọ."

"Wọ́n ní kéèkì yín máa ń sán àrá nínú ikùn. Wọ́n ní ìdí tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sí i lára nìyẹn, kó lè jẹ́ pé ẹ ti kìlọ̀. Wọ́n ní ẹnì kan ò sùn mọ́jú." Ó gbá àyà mú. "Ẹnì kan ṣoṣo lèmi sọ ọ́ fún."

Oníkéèkì yí padà kúrò lẹ́nu ọ̀nà náà. Ó padà sílé, ó gbé ṣúgà kaná láti fi pa àwọn fìlà rẹ̀ lára kí wọ́n máa dán, torí ọwọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í gbọ̀n tó ọwọ́ tó dilẹ̀, ó kéré tán lára tiẹ̀. Fóònù dún. Ọ̀gá ilé-ìwé ni.

"Ìyá Adúmáadán, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn òbí ń pè mí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, tí inú ọmọ kan bá lọ run... Ẹ jẹ́ ká fi ti ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn sílẹ̀ ná, títí ọ̀rọ̀ yìí á fi rọlẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, àmì ló fà á. Àrà ni, kì í ṣe àrá."

"Ẹ gbọ́ mi bí?"

"Ẹ ṣé, mà."

Òórùn ló jẹ́ kó rántí iná. Ṣúgà ti jó, ó ti pọ́n bí amọ̀. Ó fi ìbínú dà á sórí tíréè, ó gbé tíréè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó rí àpò Adúmáadán lójú rẹ̀, àpò aláwọ̀ ewé tí okùn rẹ̀ kan ti já, ó rí i lẹ́yìn ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ré òpópónà kọjá, aṣọ ìdáná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Àǹtí Rédíò nìkan ló wà níta, ó ń so irun mọ́ orí rọ́bà kan tí kò ní ojú.

"Àǹtí, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, mà. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Jókòó."

"Mi ò jókòó." Ó jókòó. "Ẹ ní kéèkì mi ń sán àrá nínú ikùn."

"Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún. Ìyàwó káfíńtà. Mo sì kìlọ̀ fún un kó má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Òun náà ní ẹnì kan ṣoṣo lòun sọ fún!"

"Ṣé o rí i báyìí?" Ohùn Àǹtí Rédíò dà bí ti ẹni tí wọ́n yìn. "Bó ṣe máa ń lọ nìyẹn. Inú mi ló run, ṣé kí n purọ́ pé kò run ni?"

"Ẹ̀wà lẹ jẹ."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo òpópónà ló gbóòórùn ẹ̀, Àǹtí."

Àǹtí Rédíò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tún bí oníkéèkì nínú sí i, ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n obìnrin náà fi ìyarun nà án padà sórí àga bí ẹni pé irun rẹ̀ ló ń dì.

"Wò ó, ọmọ yìí. Ìwọ ò tiẹ̀ mọ ọjà tà. Mo rí bébà tó o lẹ̀ mọ́ òpó iná níjọ́sí. 'Ẹ wá ra kéèkì aládùn.' Ta ni kéèkì ẹ̀ ò dùn? Ṣé ẹnì kan á kọ ọ́ sára òpó pé kéèkì tòun korò? Èmi o, tí mo bá ní ọ̀rọ̀, mi ò kì í pariwo ẹ̀. Tí mo bá pariwo, wọ́n á ní irọ́ ni. Ẹnì kan ni mo máa ń wá, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Màá fà á súnmọ́ra, màá sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́, tó bá wá ku díẹ̀ kí n débi tó dùn jù, màá rántí pé mo gbé omi kaná."

"Ẹ kì í parí ẹ̀?"

"Kí n parí ẹ̀ kẹ̀? Tí mo bá parí ẹ̀, kí ni ẹni yẹn fẹ́ lọ máa wá kiri?" Ó gún irun mọ́lẹ̀. "Mi ò tẹ bébà rí láyé mi. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ń dé ibi tí kéèkì ẹ ò dé."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ òótọ́ tó ló dùn ún jù. Ó bú sẹ́kún kó tó mọ̀. "Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yín fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Gbogbo ẹ̀ sì dà jáde: ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ ìlú ńlá, ilé-ìwé tí kì í gba òṣìṣẹ́ tọmọtọmọ, Adúmáadán tó fẹ́ lọ máa gbé ilé onílé.

Ọwọ́ Àǹtí Rédíò dúró lórí irun. "Ṣé ọmọ náà mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo fi ọlá Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ èyí."

"Èmi? Ṣé ẹnu mi ń jò ni?"

Oníkéèkì wò ó.

"Mo ti gbọ́," Àǹtí Rédíò wí, ó yíjú sí orí rọ́bà rẹ̀.

Ìgbà tó délé ló tó mọ ohun tóun ṣe. Nínú gbogbo etí tó wà nínú ayé, ta ló lọ sọ ọ́ sí? Ó di orí mú. Ó lọ gbé tíréè tí ṣúgà jóná wà kó lè fọ̀ ọ́, ó rí i pé ó ti gan, ó le, ó ń dán bíi gíláàsì. Ó fi ọmọrí ìkòkò gbá a ní ìbínú. Ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ó sọ ẹyọ kan sẹ́nu láìronú, ó rún un, ariwo tó gbọ́ nínú orí ara rẹ̀ ló mú kó dúró sójú kan. Wómúwómú. Ó tún mú òmíràn. Ó korò díẹ̀, ó dùn púpọ̀, ó sì ń sán láàárín eyín bí ojú ọ̀run tó ń halẹ̀ òjò.

Àrá, ó sọ fún ara rẹ̀. Wọ́n ní àrá ni. Ó dáa, ẹ wá gbọ́ àrá.

Ó fi gbogbo ọjọ́ Ẹtì dán an wò. Tó bá fi ṣúgà náà sínú kéèkì kó tó wọ ààrò, ṣe ló ń yọ́. Tó bá wọ́n ọn sórí rẹ̀ tó sì pẹ́, á fa omi, á rọ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Àfi kó fi bọ́tà bo kéèkì lójú, kó wá wọ́n ọn sí i nígbà tí oníbàárà bá ti wà lórí ìdúró. Èyí tún dá kún ìpayà rẹ̀, torí iṣẹ́ tí kò ṣe é ṣe sílẹ̀ ni, tí oníbàárà kò bá sì wá, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan ni. Kó tó di pé Adúmáadán dé, ó wé ẹyọ ṣúgà náà kan sínú bébà, ó ré òpópónà kọjá, ó sì ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó fa Àǹtí Rédíò súnmọ́ra.

"Àǹtí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Àrá gidi ni mo fi sí kéèkì náà báyìí. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹni tó bá kọ́kọ́ gé e jẹ... Háà! Mo gbé omi kaná!"

Ó sáré. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Àǹtí Rédíò kò tiẹ̀ tíì tú bébà náà. Ó jókòó, ó ń wo àárín òpópónà bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé. Èyí kó oníkéèkì lọ́kàn sókè. Irú rédíò wo ni kì í gba ìròyìn?

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣí fèrèsé. Adúmáadán jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ya àmì sórí àwọn sítíkà pẹ̀lú bírò, bí ìyá rẹ̀ ṣe ní kó ṣe. Kò sẹ́ni tó wá. Àwọn òbí ń gba iwájú wọn kọjá lọ sípàdé, wọ́n ń kí wọn, "Ẹ káàárọ̀ o," wọ́n ń lọ. Oníkéèkì ń nu ibi tó ti mọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dún ló ń rò pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó ti ń ro bí òun ṣe máa sọ ọ́: "Adúmáadán, wá jókòó lẹ́sẹ̀ mi," bẹ́ẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ èyí tó máa tẹ̀ lé e.

Ìyàwó káfíńtà ló kọ́kọ́ dé. Ó na ọwọ́ sí fìlà kan láìbéèrè ohunkóhun. Oníkéèkì sáré wọ́n ṣúgà lé e, débi pé púpọ̀ nínú ẹ̀ dà sílẹ̀. Obìnrin náà bù ú jẹ. Ó sán.

"Yéè!" Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ojú rẹ̀ là. Ó tún bù ú jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀ nígbà kan náà. Kó tó lọ, ó fọwọ́ pa Adúmáadán lórí. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Pẹ̀lẹ́ ti kí ni? Oníkéèkì kò ráyè rò ó, torí ẹlòmíràn ti dé. Òmíràn tún dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń wọkọ̀ láàárọ̀ wá pẹ̀lú aṣọ ilé lára wọn. Gbogbo wọn ń rún kéèkì wómúwómú lójú títì, wọ́n ń fi ìka ta eyín, wọ́n ń pe ara wọn pé kí wọ́n wá gbọ́. Ìyàwó káfíńtà padà wá pẹ̀lú káfíńtà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kan tó lọ láì fọwọ́ kan ọmọ náà. "Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ." "Má mikàn, ọmọ dáadáa." Adúmáadán ń wo ìyá rẹ̀, bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjà ń tà, jìnnìjìnnì sì ń bo oníkéèkì.

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló wá tú àṣírí náà. Ó ti ìpàdé bọ̀, àwọn òbí mélòó kan ń tẹ̀ lé e. Ó gba kéèkì, ó rún un, ojú rẹ̀ yí padà, ó tún rún un.

"Ṣé àrá tí wọ́n ń wí nìyí?"

"Àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ, mà. Mo kàn gbà á bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin gíga náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ nídìí ẹ̀rín náà. "Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Àti èyí tó tẹ̀ lé e, àti gbogbo èyí tó kù." Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ ohùn olùkọ́ ni, kì í rẹlẹ̀ bọ̀rọ̀. "Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Kó jẹ́ pé ìta ni mo ti máa gbọ́ pé ẹ fẹ́ lọ síṣẹ́ ìlú ńlá, kẹ́ ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn?"

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Adúmáadán. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó wọlé lọ.

Oníkéèkì gbójú sókè, ó rí Àǹtí Rédíò níwájú ilé rẹ̀ ní òdìkejì, ìyarun lọ́wọ́.

"Àǹtí! Ẹ sọ ọ́!"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni!"

"Ti kéèkì ni mo ní kẹ́ ẹ sọ!"

"Èwo ni ti kéèkì?" Àǹtí Rédíò dúró, ó ń wá a nínú orí rẹ̀. "Háà. Mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Tọmọ yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn."

Oníkéèkì kò mọ̀ bóyá kó bú u ni tàbí kó kúnlẹ̀ fún un. Kò ráyè èyíkéyìí. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, kò tiẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo èrò, ó ń wo páálí, ẹnì kan ti fi kéèkì lé e lọ́wọ́. Ó rún un. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀. "Kí ló ń dún yìí?"

"Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ẹ fún mi níṣẹ́jú kan."

Ó bá Adúmáadán lábẹ́ tábìlì ilé ìdáná, ó gbá àpò aláwọ̀ ewé rẹ̀ mọ́ àyà. Oníkéèkì kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wọ abẹ́ tábìlì náà. Òórùn fúláwà kún ibẹ̀.

"Màmá, ṣé lóòótọ́ ni?"

Gbogbo irọ́ tó ti tò sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yẹn sá lọ. "Lóòótọ́ ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Gbogbo wọn ló ti mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀."

"Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń fi èékánná họ okùn àpò tó já. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, bàtà rẹ̀ tó ń dán, èérún kéèkì lórí rẹ̀. Kò wọlé. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, èsì wo ni kí n mú lọ?"

Oníkéèkì fa Adúmáadán súnmọ́ra, ó fi ẹnu sí i létí, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Mi ò lọ ibì kankan mọ́. Èmi àti ẹ la jọ wà níbí. Ṣùgbọ́n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ọmọ náà wò ó lójú, ó wò ó dáadáa, bí ẹni ń wò bóyá kéèkì ti jinná. Lẹ́yìn náà ó ju àpò sílẹ̀. Kò dúró wọ bàtà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bọ́ síta, ó la àárín èrò kọjá, ó ré òpópónà, ó lọ sọ ọ́ fún Àǹtí Rédíò.